Pákó Tí A Kì Í Kàn Mọ́lẹ̀

Ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Apẹja ni. Ó dúró ní iwájú ọkọ̀, ó ń fa àwọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ ní ẹ̀yìn, ó ti ṣí pákó kan kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, ó sì ń fi abọ́ tánganran kan gbọ́n omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ dà sínú ọ̀sà. Bí ó ti ń gbọ́n ọn, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ìtàn obìnrin aládùúgbò wọn kan tó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ọkọ rẹ̀ sì jẹ ọbẹ̀ náà tán láìfajúro nítorí pé àwọn àna rẹ̀ jókòó tì í. Ọkùnrin náà kò fetí sí ìtàn yìí dáadáa. Àwọ̀n ló ń wò. Nígbà tí omi yọ láàárín pákó tó sì kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn.

"Àwẹ̀ró, gbọ́n ọn."

"Mo ń gbọ́n ọn," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Àbí òtútù rẹ̀ ló ń mú yín, Bàbá Yéjídé? Ṣé kí n kọ́kọ́ gbé e kaná ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹja tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà kò pọ̀, kò sì kéré. Oòrùn yọ, wọ́n sì tukọ̀ lọ sílé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà kò sì fìgbà kan ronú lé e, bí ènìyàn kì í ti í ronú lé èémí tó ń gba imú òun kọjá.

Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, ikọ́ dá obìnrin náà dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti máa ń yan ẹja.

Ọkùnrin náà fa ọkọ̀ gun orí iyanrìn, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ọkọ̀ tí kò bá sí nínú omi, oòrùn a máa là á. Nígbà tó padà lọ wò ó, àwọn pákó ilẹ̀ rẹ̀ ti ká sókè bí ewé gbígbẹ. Àwọn kan ti jẹrà, àwọn kan ti dá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló kọ́kọ́ rí. Ojú iná kan ló rí, dúdú, tó rí roboto, níbi tí ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò gbígbóná lé ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà. Ó rí ojú ọ̀bẹ níbi tó ti máa ń la ẹja. Ó sì rí ibi méjì ní ẹ̀yìn, tí wọ́n sún mọ́ra, tí pákó ti dán tó sì ti jìn wọlé díẹ̀ bí ojú ọlọ. Ibẹ̀ ni orúnkún obìnrin náà máa ń wà nígbà tó bá ń gbọ́n omi.

Ó fi ọwọ́ pa ibi méjì náà. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò pààrọ̀ ilẹ̀ ọkọ̀ náà látòkèdélẹ̀.

Ó lọ bá agbẹ́kọ̀ tó gbẹ́ ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó ni, ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ igi. Ọkùnrin náà sọ fún un pé ìrókò ni òun fẹ́, kì í ṣe igi yẹpẹrẹ tí wọ́n lò nígbà àìní. Ó ní òun fẹ́ ìṣó tí kì í dípẹtà. Ó ní òun fẹ́ àpótí ẹja sí àárín, kí ẹja má baà máa fò káàkiri lábẹ́ ẹsẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì ṣe ìgbátí yí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ká, kí ènìyàn lè rí nǹkan dì mú. Agbẹ́kọ̀ gbọ́ ọ títí. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí yóò rò pé ìyàwó tuntun ni wọ́n ń kọ́ ilé fún. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán ló rántí pé obìnrin náà ti kú, ó sì na ọwọ́ mú okùn ìwọ̀n rẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn dára fún ọkùnrin náà. Wọ́n hú àwọn pákó àtijọ́ kúrò, wọ́n kó wọn jọ fún ìdáná. Wọ́n fi omi àti ọwọ̀ fọ ikùn ọkọ̀. Wọ́n wọn pákó, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n fá a títí ó fi ń dán, òórùn igi tútù sì gba gbogbo èbúté. Wọ́n ri òwú sínú oje gbígbóná, wọ́n sì fi í dí àárín pákó kan àti èkejì. Ọkùnrin náà ń jẹun. Ó ń sùn. Àwọn ènìyàn ń yà wò ó, wọ́n ń fọwọ́ ra ìrókò náà, wọ́n ń sọ pé olóògbé kò bá ọkọ tí kò mọ oore gbé.

Ọmọbìnrin rẹ̀, Yéjídé, tí òun náà ti di ìyá ọmọ mẹ́ta, ló ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ a jókòó síbòji, a po gàárì tirẹ̀ nínú abọ́ tánganran kan tí etí rẹ̀ ti họ. Bàbá rẹ̀ mọ abọ́ náà. Ó ti kó gbogbo ẹrù olóògbé fún àwọn ìbátan rẹ̀, èyí nìkan ló bọ́. Ó kàn máa ń yíjú sí ibòmíràn títí ọmọ yóò fi jẹun tán.

Ní etí ọ̀sà yẹn, àwọn agbẹ́kọ̀ ní ìṣe kan. Wọn kì í kàn pákó ìkẹyìn. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ikùn rẹ̀ ti jìn jù, wọ́n a fi pákó kan lélẹ̀ láìsí ìṣó, kí a lè máa ṣí i gbọ́n omi. Ẹnu ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí agbẹ́kọ̀ bá gbé e sí àyè rẹ̀, yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, pákó náà yóò dún kó. Ìró yẹn ni gbogbo èbúté fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agbẹ́kọ̀ yóò jókòó sínú ọkọ̀, yóò sì jẹ oúnjẹ tí ọlọ́kọ̀ sè fún un. Ẹnikẹ́ni kò rántí ọkọ̀ kan tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ kù sí pákó kan yìí, ọkùnrin náà wo ihò tó kù. Gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti mọ́, ó tẹ́ rẹrẹ. Ihò yẹn nìkan ló ń wò ó padà, ó sì mọ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀.

"Ẹ kàn án, Bàbá," ló wí.

Agbẹ́kọ̀ rò pé eré ni. "Kí ni kí n kàn?"

"Pákó ẹ̀yìn yẹn. Ẹ kàn án pa."

"Ibo lo wá fẹ́ máa gbà gbọ́n omi? Ṣé o máa fi koríko fà á mu ni?"

Ọkùnrin náà ní ọkọ̀ ti di tuntun. Ó ní bí wọ́n ti dí i yẹn, omi kò ní rí ọ̀nà wọlé.

"Ọkọ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo ti gbẹ́," ni arúgbó náà wí. "Kò sí èyí tí kì í mu nínú wọn. Èyí tó bá ní òun kì í mu, kọ̀rọ̀ ló ti ń mu ún. Gbọ́ mi, ọmọ. Ọkọ̀ tí kò bá lẹ́nu, ikùn ló máa fi sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà kò bá a jiyàn. Ó mú òòlù fúnra rẹ̀. Ìṣó mẹ́jọ ló kàn sí i, méjì ní igun kọ̀ọ̀kan, ó sì fi òwú àti oje dí etí rẹ̀ yípo. Nígbà tó gbójú sókè, agbẹ́kọ̀ ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Kò fẹsẹ̀ tẹ pákó. Oúnjẹ tí Yéjídé gbé wá wà lórí àpótí ẹja, kò fọwọ́ kàn án. Ohun tó sọ nìkan ni pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí wọ́n má ṣe sọ pé òun ló kàn án.

Wọ́n ti ọkọ̀ sómi. Ó dára púpọ̀. Kò sí ọkọ̀ tó tó o ní gbogbo èbúté yẹn. Ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ènìyàn lè fi aṣọ funfun jókòó sí i. Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí ibì kan tó dún. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, ó lọ sójú omi, ó sì bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ.

Kò lè dá ọkọ̀ náà tù, nítorí náà Yéjídé ń bá a lọ. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ọmọ náà ń sọ̀rọ̀. Bó bá rí ẹyẹ kan, á ní ìyá òun máa ń sọ pé báyìí. Bí wọ́n bá kọjá níbi tí igi mángoro dá wà sí, á ní ibẹ̀ ni ìyá òun ti sọ bàtà nù. Bàbá rẹ̀ a ní, "Wo àwọ̀n." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni ó ń sọ ọ́, nígbà tó sì yá, ọmọ náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Àwọn méjèèjì a lọ, wọ́n a bọ̀, a ó kàn máa gbọ́ ìró àjẹ̀ nínú omi.

Lẹ́yìn oṣù méjì, obìnrin kan tó ń fọ aṣọ ní èbúté wo ọkọ̀ náà bí ó ti ń bọ̀. Ó kí ọkùnrin náà dáadáa, ó wá bi í pé kí ló fi ń bọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó fi ń sanra báyìí. Ọkùnrin náà dáhùn pé ìrókò ló wúwo. Obìnrin náà ní ṣé ìrókò a tún máa wúwo sí i lójoojúmọ́ ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ mìíràn, Yéjídé dúró jẹ́ẹ́ ní ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Bàbá, nǹkan ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

"Omi ọ̀sà ni. Ìta ló wà."

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé etí lé pákó, ní ibi tí orúnkún ìyá rẹ̀ máa ń wà. Nígbà tó dìde, ó ní, "Inú ni."

Bàbá rẹ̀ tẹ àjẹ̀ bọ omi. Ó mọ̀. Ẹni tó ti ń wà nínú ọkọ̀ láti kékeré kò ní ṣàìmọ̀. Ó mọ̀ ọ́n nínú apá rẹ̀ nígbà tó bá ń tukọ̀, ó mọ̀ ọ́n nínú bí ọkọ̀ ṣe ń pẹ́ kó tó yí. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbà pé omi wà níbẹ̀, ó di dandan kí ó hú ìṣó mẹ́jọ yẹn, kí ó sì tún rí ihò náà. Ó sàn lójú rẹ̀ kí ọkọ̀ máa wúwo.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó ṣẹlẹ̀, níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun. Ẹja pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àpótí kún, wọ́n sì ti fẹ́ máa padà nígbà tí afẹ́fẹ́ dìde. Ìjì ńlá kọ́ ni. Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n ti rí èyí tó le jù ú lọ. Ọkùnrin náà yí orí ọkọ̀ sí ilé. Bí ó ti yí i, omi tó wà nínú ikùn ọkọ̀ ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ sì bá a lọ. Ó tẹ̀, kò sì nà padà. Ìgbì kan gun orí ìrókò dídán náà. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ Yéjídé yọ̀, ó ṣubú, ìgbátí tuntun yẹn ló dì mú, àyà rẹ̀ ti wà lójú omi.

Ọkùnrin náà lanu. Ọ̀rọ̀ tó jáde kì í ṣe èyí tó rò. Ọ̀rọ̀ tí ahọ́n rẹ̀ ti mọ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

"Àwẹ̀ró, gbọ́n ọn!"

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì pe orúkọ náà. Ọmọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀ láti ibi tó dì mú.

"Mo fẹ́ gbọ́n ọn, Bàbá," ló wí. "Ibo ni kí n ti gbọ́n ọn?"

Kò sí àkókò láti hú ìṣó. Ọkùnrin náà gbé irin ìdákọ̀ró sókè, ó sì fi í lu pákó ẹ̀yìn. Ìrókò kì í tètè gbà. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó fọ́, omi dúdú sì tú sókè láti inú ihò náà, ó ń rùn bí ìkòkò tí a gbàgbé. Yéjídé ti rákò dé ibẹ̀. Ó da gàárì tó kù nínú abọ́ tánganran tó máa ń gbé wá sójú omi sínú ọ̀sà, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. Bàbá rẹ̀ kó ẹja inú àpótí dà nù, gbogbo rẹ̀, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú àjẹ̀, ó di orí ọkọ̀ mú sójú afẹ́fẹ́.

Omi púpọ̀ ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, ọmọ náà ṣì ń gbọ́n ọn. Bí ó ti ń gbọ́n ọn, láìrò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn obìnrin kan tó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ kò sọ pé kí ó wo àwọ̀n. Kò sí àwọ̀n mọ́, ó ti lọ. Ó gbọ́ ìtàn náà títí, ó sì bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí ọkọ obìnrin náà sọ nígbà tí àwọn àna lọ tán, nítorí pé òun kò gbọ́ ìparí rẹ̀ rí.

"Ó mu omi ìkòkò kan tán," ni Yéjídé wí. "Ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, 'Ìfẹ́ tí o fi se ọbẹ̀ yẹn pọ̀. Tó bá di ọ̀la, jọ̀ọ́, bù ú kù.'"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yí padà di ẹkún, ó sì ń sunkún bí ó ti ń tukọ̀, kò gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò ní kó dákẹ́. Ó ń gbọ́n omi tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, agbẹ́kọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ etí ihò náà yípo. Kò bá ọkùnrin náà wí. "Ó ti lanu," ló sọ. Ó béèrè bóyá kí òun wá pákó ìrókò mìíràn tó bá ti ilẹ̀ ọkọ̀ náà mu. Ọkùnrin náà ní pákó tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni òun fẹ́, èyí tí ojú orúnkún wà lára rẹ̀. Ni Yéjídé bá sọ fún un pé wọ́n ti fi gbogbo pákó àtijọ́ yan ẹja. Wọ́n ti jẹ ẹja náà pẹ̀lú.

Nítorí náà wọ́n wá pákó kan láti ara àpótí ọjà kan tó ti fọ́ sétí ilé. Wọ́n fá etí ihò náà kí ó má baà ya ènìyàn lọ́wọ́, wọ́n rẹ́ pákó sí ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n gbé e lé e. Arúgbó náà gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún kó. Lẹ́yìn náà ó jókòó sínú ọkọ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá, pé ebi oṣù mélòó ló ti ń pa òun nítorí ọkọ̀ yìí.

Arákùnrin mi, ìwọ ni mo sọ ìtàn yìí fún. Mo dé ilé rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ti kun ògiri, o ti pààrọ̀ àwọn àga, o ti ṣe fèrèsé tuntun sí yàrá tí ìyàwó rẹ kú sí. Ilé náà dára, n kò sì bá ọ wí nítorí pé o tún un ṣe. Ohun tó bá ti gbó, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe, kò sí àbùkù fún òkú nínú ìyẹn. Ìrókò ọkùnrin yẹn kò ṣẹ̀. Ìgbátí tó ṣe ló gba ọmọ rẹ̀ là.

Ṣùgbọ́n bí a ti jókòó, ọmọ rẹ kékeré dárúkọ ìyá rẹ̀, o sì bi í bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ tán. Ó dákẹ́. Mo rí i bí ó ti dákẹ́. O rò pé o ń dáàbò bò ó, o sì rò pé ilẹ̀ ilé rẹ gbẹ. Kò gbẹ. Abẹ́ ni omi náà wà. Mo mọ ìwúwo òòlù yẹn, nítorí ọwọ́ èmi náà ti dì í mú rí, ó sì pẹ́ kí n tó sọ ọ́ sílẹ̀.

Má ṣe dúró de afẹ́fẹ́. Ní alẹ́ òní, kí oúnjẹ tó tán lórí tábìlì, pe orúkọ ìyàwó rẹ létí àwọn ọmọ rẹ. Jẹ́ kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n rántí, kódà bí o kò bá gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bí omi bá yọ, kí ẹ jọ gbọ́n ọn.

Ọkọ̀ náà ṣì wà ní èbúté. Ìrókò ni ilẹ̀ rẹ̀, àfi pákó kan ní ẹ̀yìn tó funfun ju àwọn tó kù lọ, tí kò sì ní ìṣó. Abọ́ tánganran kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ pákó náà, ó ń dún.